Ilẹ̀ tí a tú, ilẹ̀ tí a kò tú: ibo ni oúnjẹ irúgbìn ń gbà lọ?

Ẹni tó bá ń dáko lágbègbè Ògbómọ̀ṣọ́ lóde òní á ti gbọ́ ìmọ̀ràn méjì tó ń gbéná wojú ara wọn. Oníkatakata á ní bí irin kò bá wọlẹ̀ dáadáa, tí háárò kò sì tẹ̀ lé e, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ fi irúgbìn àgbàdo rẹ̀ ṣòfò. Òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wá bá wọn ṣèpàdé á ní kí wọ́n má tú ilẹ̀ mọ́, kí wọ́n fi oògùn pa koríko, kí wọ́n dá ihò sí i, kí wọ́n sì gbìn ín bẹ́ẹ̀. Bàbá tó jókòó sẹ́yìn, tó ti ń kọ ebè láti ìgbà èwe rẹ̀, kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Ó mọ ohun tí ọkọ́ ti ṣe fún òun. Ibi tọ́rọ̀ ti wá dojú rú ni pé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní oko tí wọ́n lè mú èèyàn lọ wò, tí irúgbìn ibẹ̀ sì dára.

Kò sẹ́ni tó ń parọ́ nínú wọn. Títú ilẹ̀ kì í fi oúnjẹ kankan kún ilẹ̀, àìtú u náà kì í sì í fi kankan kún un. Ohun tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ń ṣe ni pé ó ń yí ibi tí oúnjẹ wà nínú ilẹ̀ padà, ó sì ń yí àkókò tí oúnjẹ náà máa jáde fún irúgbìn padà. Ibi tó wà àti ìgbà tó ń jáde: ẹ di méjèèjì yìí mú, torí orí wọn ni gbogbo àlàyé tó kù dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, títí kan ọ̀nà Ìkòyí-Ilé àti Ajáàwà, ara àpáta àtijọ́ tó ti jẹrà ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ wa ti wá. Òkè rẹ̀ jẹ́ iyanrìn tó dúdú díẹ̀. Bí ẹ bá gbẹ́ ẹ wọlẹ̀, ọkọ́ á kan òkúta wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ẹ ó bá amọ̀ pupa. (Orúkọ ìlú wa làwọn onímọ̀ ilẹ̀ fi ń pe àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí: ó ní èyí tó ń jẹ́ Ìwó, ó ní èyí tó ń jẹ́ Ẹ̀gbẹ́dá. Ẹ má ṣe yà á sí ìjà ìlú.) Irú amọ̀ tó wọ́pọ̀ nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń pè ní kaolinite, kò sì lágbára láti di oúnjẹ mú. Tí wọ́n bá wọn agbára ìdìmú náà nílé àyẹ̀wò, amọ̀ yìí sábà máa ń wà láàárín 3 sí 15, nígbà tí ọ̀rá ilẹ̀, ìyẹn ewé, gbòǹgbò àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà di dúdú, máa ń tó 200 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìwọ̀n kan náà.

Ohun tí èyí túmọ̀ sí lóko ni pé ọ̀rá kékeré tó wà lókè ilẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídi pọ̀táṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti magnẹ́síọ̀mù mú kí òjò má baà gbé wọn lọ. Nínú rẹ̀ náà ni náítírójìn fara pa mọ́ sí. Láwọn ibòmíì láyé tí amọ̀ wọn lágbára, àgbẹ̀ lè fi ọ̀rá ilẹ̀ ṣeré fún ọdún mélòó kan kó má hàn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọ̀rá yẹn bá ti lọ, iyanrìn ló kù, iyanrìn kì í sì í tọ́jú nǹkan fúnni.

Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí katakata bá wọ oko? Ìṣù ilẹ̀ kéékèèké tí ọ̀rá fi ara pa mọ́ sínú wọn á fọ́. Afẹ́fẹ́ á ráyè wọlé. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ọ̀rá náà á rí oúnjẹ, wọ́n á rí afẹ́fẹ́, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kábọ̀nù tó wà nínú ọ̀rá á bá afẹ́fẹ́ lọ, náítírójìn tó wà nínú rẹ̀ á di náítíréètì, èyí tí gbòǹgbò lè fà mu. Ọ̀rọ̀ náà tún wá le sí i lọ́dọ̀ wa nítorí ẹ̀ẹ̀rùn. Ilẹ̀ tó ti gbẹ fún oṣù mẹ́rin, márùn-ún, bí òjò àkọ́rọ̀ bá kàn án, àwọn kòkòrò yẹn á jí lójijì, náítíréètì á sì tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Birch, onímọ̀ ilẹ̀ kan tó ṣiṣẹ́ ní ìlà oòrùn Áfíríkà, kọ nípa rẹ̀ ní 1958, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí oko àkọ́tú fi máa ń dára tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni tó lọ kó àjọ rẹ̀ kí oṣù tó pé ni: owó pọ̀ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà, kì í sì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ta á lọ́rẹ, owó ara rẹ̀ ló ń ná. Àgbàdo ọdún kìíní á dúdú, ewé rẹ̀ á fẹ̀, oníkatakata á sì ní “ṣé ẹ rí i?” Ó rí i lóòótọ́. Àmọ́ lọ́dún kẹta, ìkẹrin, àpò fàtiláísà tó ń wọ éékà kan náà á ti pọ̀ sí i, kò sì ní sẹ́ni tó máa rántí béèrè ìdí.

Wàhálà kejì tún wà nínú náítíréètì yẹn. Kì í lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Omi ló ń bá rìn. Bí wọ́n bá tú oko nínú oṣù kẹta, tí òjò ńlá méjì rọ̀, tí olóko sì ń dúró de owó irúgbìn títí di ìparí oṣù kẹrin, èyí tó pọ̀ nínú oúnjẹ tí katakata tú jáde á ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí gbòǹgbò àgbàdo kékeré lè dé. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè lórí katakata, kì í ṣe “ṣé kí n tú u” ni mo kọ́kọ́ máa ń dáhùn. Mo máa ń béèrè pé: lẹ́yìn tí ẹ bá tú u tán, ọjọ́ mélòó lẹ máa gbìn?

Jíjìn irin náà ṣe pàtàkì. Púlọ̀ọ̀ lè wọlẹ̀ tó 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà. Lórí ọ̀pọ̀ oko wa, ilẹ̀ dúdú tó wà lókè kò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí irin á wá ṣe ni pé á gbé amọ̀ pupa wá sókè, á sì bo ilẹ̀ dúdú mọ́lẹ̀. Èròjà irin (iron) tó wà nínú amọ̀ náà ló mú kó pupa, èròjà yẹn kan náà ló sì máa ń gbá fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, tí kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ fún irúgbìn. Ẹ lè da fàtiláísà sí i kí àgbàdo má rí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú rẹ̀ lò dáadáa. Àmì rẹ̀ hàn: àgbàdo kékeré tí etí ewé rẹ̀ ń ní àwọ̀ elésè àlùkò, tí kò sì ga. Bí ẹ bá rí i pé oko yín pupa ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ lẹ́yìn tí katakata kọjá, ẹ sọ fún oníkatakata kó gbé irin sókè.

Ti búlúdósà tó ń ṣí igbó kò ṣeé fẹnu sọ. Ó ń ha òkè ilẹ̀ pọ̀ mọ́ igi àti gbòǹgbò, ó ń kó gbogbo rẹ̀ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oko. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ibi tí òkìtì yẹn wà ni ẹ̀fọ́ máa ń hù sí dáadáa, àárín oko tí wọ́n sanwó lé lórí kò sì ní ṣe dáadáa. Ohun tó yẹ kó wà káàkiri oko ni wọ́n kó sójú kan.

Ká wá bọ́ sórí ebè, torí mo rò pé àwọn oníwèé kì í fún un ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ ebè iṣu níparí òjò, láàárín oṣù kẹwàá sí ìkọkànlá. Koríko ṣì tutù. Á fi ọkọ́ gbá koríko náà jọ sí ojú kan, á wá máa ha òkè ilẹ̀ yí i ká, á máa dà á bò ó, títí ebè á fi ga dé orúnkún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun méjì ló ti ṣe yẹn. Àkọ́kọ́, ó ti kó ilẹ̀ ọlọ́ràá tí ì bá fẹ́lẹ́ káàkiri oko jọ sójú kan, kí iṣu tó ń ta lè ní ilẹ̀ dúdú tó jìn. Ìkejì, ó ti sin koríko tútù sínú rẹ̀, tí á máa jẹrà díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọ̀rinrin bá ṣì kù. Koríko náà ní pọ̀táṣíọ̀mù nínú, iṣu sì wà lára àwọn irúgbìn tó ń jẹ pọ̀táṣíọ̀mù jù. Nígbà tí òjò tuntun bá dé, oúnjẹ ti wà nílé. Tí wọ́n bá tún fi koríko gbígbẹ bo orí ebè, ooru ẹ̀ẹ̀rùn kò ní pa èyí tí wọ́n sin, kò sì ní pa èèbù.

Àmọ́ ohun tí ebè ń náni wà ní àárín ebè sí ebè. Ibẹ̀ ti di ìhòòhò. Ẹ bu ilẹ̀ orí ebè, ẹ tún bu ti àárín, ẹ gbé méjèèjì lọ fún àyẹ̀wò, ẹ ó rò pé oko méjì ni. Afẹ́fẹ́ sì pọ̀ nínú ebè ju ilẹ̀ pẹrẹsẹ lọ, nítorí náà ọ̀rá inú rẹ̀ ń yára jó. Àwọn baba wa mọ èyí láìsí ilé àyẹ̀wò. Iṣu ni wọ́n ń fi ṣí oko tuntun, kí ó lè jẹ nínú ọ̀rá náà kó tó lọ. Àgbàdo, ẹ̀gúsí tàbí ẹ̀wà á tẹ̀ lé e. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, torí ẹ̀gẹ́ lè fara da ilẹ̀ tó ti rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi. Ètò yẹn bá ebè mu pátápátá. Èyí tí kò bá a mu ni ká máa kọ ebè lórí ilẹ̀ kan náà lọ́dọọdún láì sinmi, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe báyìí nítorí ilẹ̀ kò tó mọ́.

Ti iná kò gùn. Eérú máa ń fún ilẹ̀ ní pọ̀táṣíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì díẹ̀, ó sì máa ń dín kíkan rẹ̀ kù, ìdí nìyẹn tí irúgbìn fi máa ń dára lójú iná. Náítírójìn inú koríko ní tiẹ̀, èéfín ló bá lọ. Bí òjò àkọ́kọ́ bá sì le, ó lè gbá eérú náà lọ sínú odò.

Poro náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ní sọ nípa rẹ̀: ẹ jẹ́ kó dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀, ẹ má jẹ́ kó bá a sọ̀ kalẹ̀. Omi tó ń ṣàn nínú poro tó sọ̀ kalẹ̀ kì í kó iyanrìn àti ọ̀rá lọ ní ìwọ̀n kan náà. Ohun tó fúyẹ́ ló ń kọ́kọ́ gbé, ọ̀rá àti amọ̀ lẹ́búlẹ́bú ló sì fúyẹ́.

Gbígbìn láì tú ilẹ̀ wá ńkọ́? Àwọn ará Ìbàdàn ló yẹ kó máa fi èyí yangàn. Rattan Lal, ọmọ Íńdíà, ṣiṣẹ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, láti 1970 sí 1987, ibẹ̀ ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí tó mú kí ayé gbọ́ nípa ọ̀nà yìí nílẹ̀ olóoru. Wọ́n fún un ní World Food Prize, ẹ̀bùn àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ, ní 2020. Wọ́n la oko àyẹ̀wò sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oríṣi mẹ́rin, ìdá 1, 5, 10 àti 15 nínú 100, wọ́n sì ń gba omi àti ilẹ̀ tó ń ṣàn kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti tú u tí ó wà ní ìhòòhò, ilẹ̀ ń ṣí lọ rẹpẹtẹ. Ibi tí wọn kò ti tú u, tí èèpo àti pòròpórò bo ojú rẹ̀, èyí tó ń lọ kéré gan-an.

Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀: *tí èèpo àti pòròpórò bo ojú rẹ̀.* Lójú tèmi, ibi tí ìmọ̀ràn yìí ti ń já àwọn èèyàn wa kulẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti kórè tán, màlúù wá jẹ pòròpórò, ikán jẹ èyí tó kù, iná ẹ̀ẹ̀rùn jó ìyókù. Ìgbà tí òjò á fi dé, ilẹ̀ ti le bí kọnkéré, kò sì sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Tí ẹ bá gbìn sórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ láì tú u, omi kò ní wọlé, ẹ̀yin àti katakata á jọ pàdánù ni. Bí kò bá sí ọ̀nà láti dáàbò bo pòròpórò yín, ẹ kúkú tú ojú ibi tí ẹ máa gbìn sí nìkan, kí ẹ fi àárín sílẹ̀.

Níbi tí ìbòlẹ̀ bá ti dúró, ilẹ̀ á yí padà, àmọ́ láti òkè ni. Ọ̀rá á máa kó jọ sí sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì náà á kó jọ síbẹ̀, torí kì í rìn, kò sì sí irin tó máa pò ó pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ekòló á pọ̀. Èyí dára, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ń polongo. Àwọn tó wa ilẹ̀ jìn ti rí i pé nígbà mìíràn ọ̀rá tó pọ̀ sí i lókè, ìsàlẹ̀ ló ti dín kù, tó fi jẹ́ pé àpapọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti oko tí wọ́n tú. Bó ti wù kó rí, fún ilẹ̀ iyanrìn bíi tiwa, ọ̀rá tó wà lókè ló ń gba òjò mọ́ra, èrè ni.

Ìyá kan lọ́nà Ìkòyí-Ilé bi mí ní ìbéèrè kan tó fi ohun mìíràn hàn. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ ní ká má túlẹ̀, a ò tú u. Àgbàdo mi wá pupa rúsúrúsú bí ẹni tí ibà ń ṣe.”

Mo ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Màámi. Kí lẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?”

“Ọkà bàbà ni. Gbogbo pòròpórò rẹ̀ ló wà nílẹ̀ yẹn, n kò jẹ́ kí wọ́n sun ún.”

Ohun tí wọ́n ní ká ṣe gan-an ni ìyá ṣe. Pòròpórò ọkà àti ti àgbàdo kún fún kábọ̀nù, náítírójìn inú wọn kò tó nǹkan. Kòkòrò àìfojúrí tó fẹ́ jẹ ẹ́ nílò náítírójìn láti fi ṣe ara tirẹ̀, bí kò bá rí i nínú pòròpórò, inú ilẹ̀ ló ti máa fà á, àgbàdo á sì máa wò. Ààlà rẹ̀ ni pé bí kábọ̀nù inú èèpo bá ju ìlọ́po 25 náítírójìn rẹ̀ lọ, irú ìfàmu yìí máa ń bẹ̀rẹ̀. Ti pòròpórò máa ń tó ìlọ́po 60. Ti ewé ẹ̀wà àti sóyà sábà máa ń wà nítòsí 25 tàbí kó kéré sí i. Kò pẹ́ títí. Tí àwọn kòkòrò náà bá kú, wọ́n á dá a padà, àmọ́ àgbàdo kì í dúró dè wọ́n. Mo ní kí ìyá fi yúríà díẹ̀ ràn án lọ́wọ́ kíákíá, kí ó sì fi ẹ̀wà tẹ̀ lé ọkà bàbà nígbà mìíràn kí àgbàdo tó dé.

Yúríà yẹn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ìdá 46 nínú 100 rẹ̀ ni náítírójìn. Tí wọ́n bá fọ́n ọn sórí ìbòlẹ̀ nínú oko tí wọn kò tú, á di amóníà, á sì bá oòrùn lọ kí òjò tó rọ̀. Òórùn rẹ̀ tó ń ta yín nímú, owó yín ni. Ẹ dá ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ irúgbìn, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, ẹ dà á sí i, ẹ bò ó.

Fàtiláísà onínáítírójìn náà ló tún ń mú kí ilẹ̀ kan. Bí amóníà bá ń di náítíréètì, ó máa ń fi kíkan sílẹ̀. Lóko tí wọ́n ń tú, kíkan náà á pò mọ́ ilẹ̀ púpọ̀, ó máa ń pẹ́ kó tó hàn. Lóko tí wọn kò tú, òkè níbẹ̀ ló ń kó jọ sí. Pàtàkì ohun tó yẹ ká mọ̀ nípa pH, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe kan tó, ni pé ìlọ́po mẹ́wàá ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ tí pH rẹ̀ jẹ́ 5 kan ju ti 6 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àgbàdo fẹ́ 5.5 sí 7. Bó bá ti wálẹ̀ ju 5.5 lọ, alumíníọ̀mù inú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á sì máa ba ẹnu gbòǹgbò jẹ́. Láìmù tàbí eérú lè tún un ṣe, àmọ́ bí wọ́n bá kàn fọ́n ọn sójú ilẹ̀, ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó wúlò, nígbà náà, kí ẹni tí kì í tú ilẹ̀ tú u lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún mélòó kan kó lè pò ó pọ̀. Àwọn kan ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Èmi kò kà á sí i.

(Ẹni tó bá sì ń fi oògùn pa koríko dípò títú u, kó rántí pé NAFDAC ti fòfin de paraquat láti oṣù kìíní 2024. Kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín lábẹ́ orúkọ mìíràn.)

Gbogbo èyí ló fà á tí èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ fi máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Aládùúgbò méjì lè gbé ilẹ̀ lọ, kí èsì ọ̀kan ní fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀, kí ti èkejì ní kò sí, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀kan ha òkè lásán, èkejì gbẹ́ ẹ jìn. Lóko tí wọ́n ń tú, ẹ bu ilẹ̀ láti òkè dé sẹ̀ǹtímítà 15 pa pọ̀. Lóko tí wọn kì í tú, ẹ bu sẹ̀ǹtímítà márùn-ún àkọ́kọ́ sínú láílọ́ọ̀nù kan, kí ẹ bu ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé 15 sínú òmíràn. Lóko ebè, ẹ ya orí ebè sọ́tọ̀ kúrò lára àárín. Ibi mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oko ni kí ẹ ti bu ún kí ẹ tó pò ó pọ̀, ẹ má sì bu ojú iná, ibi tí màlúù sùn, tàbí ìdí òkìtì ikán. Bí ìwé èsì bá ní “organic carbon” (kábọ̀nù inú ọ̀rá ilẹ̀), ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 1.724 kí ẹ tó fi wé ti ẹni tí ìwé tirẹ̀ ní “organic matter” (ọ̀rá ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀). Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló ti ibẹ̀ wá.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ bá jẹ́ bóyá ọ̀nà tí ẹ ń gbà túlẹ̀ ń dá ọ̀rá padà tàbí ó ń jẹ ẹ́ tán, àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan kò lè sọ ọ́. Ẹ padà lọ lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ní oṣù kan náà, jíjìn kan náà, torí náítíréètì tí wọ́n bá bá nínú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ kì í bá ti oṣù kẹsàn-án dọ́gba, ì báà jẹ́ oko kan náà.